ẸNI TÓ Ń FI WÁ ṢE ÀWÀDÀ KÌ Í ṢE Ọ̀TÁ WA

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹni tó bá gbé ọbẹ̀ kaná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tó máa bá wa bọ̀, kí wọ́n má lọ sọ pé pásítọ̀ ló jẹ́ kí ọbẹ̀ jóná.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ ìjọ wa kan fi fídíò kan ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Kò kọ ju "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo eléyìí" lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, èèyàn mẹ́fà ti fi fídíò yẹn kan náà ránṣẹ́. Nígbà tí ẹni keje fi tiẹ̀ dé, a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kàn wá.

Fídíò ọ̀hún kò ju ìṣẹ́jú méjì àti ààbọ̀ lọ. Ọmọkùnrin kan wọ kóòtù tó fẹ̀ jù ú lọ, ó ń fi áńkáṣíìfù funfun nu iwájú orí tí kò sí òógùn kankan níbẹ̀. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ẹ sọ fún ẹni tó jókòó tì yín pé, ọ̀rọ̀ mi ti fẹ́ parí." Ìjọ sọ fún ara wọn. Ló bá tún ṣí Bíbélì. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó tún wúkọ́: "Ẹ sọ fún un pé, ọ̀rọ̀ mi ti fẹ́ parí báyìí." Wọ́n tún sọ. Ó tún ṣí Bíbélì. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó níwájú fa abọ́ oúnjẹ yọ nínú báàgì rẹ̀, ó ṣí i, ó gé ẹran jẹ, ó kọjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Bá mi sọ fún pásítọ̀ pé ẹran tèmi náà ti fẹ́ parí."

Ẹ̀yin tí ẹ ń jọ́sìn lọ́dọ̀ wa, ẹ ti mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ. Ikọ́ yẹn, ikọ́ wa ni. Áńkáṣíìfù yẹn, tiwa ni. "Ọ̀rọ̀ mi ti fẹ́ parí" yẹn, ẹnu wa ló ti ń jáde láti ọdún tí a ti gba iṣẹ́ yìí. Ọmọ tó sì ṣe é, a mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ọmọ ìjọ wa ni tẹ́lẹ̀. Òun ni olórí àwọn tó ń ṣe dírámà nínú ìjọ.

Inú bí wa. Ẹ jẹ́ ká má purọ́. A ti ń wá ẹsẹ Bíbélì tí a ó fi dá a lóhùn ní Sọ́ńdè. Ibẹ̀ ni ìyàwó wa ti gba fóònù lọ́wọ́ wa, ó wò ó. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ibi jókòó sí. Nígbà tó nu omijé ojú tán, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lẹ ṣe máa ń ṣe. Ó tiẹ̀ tún bò yín láṣìírí, kò ṣe ti ọjọ́ ìkórè."

A gba fóònù padà, a tún un wò, lọ́tẹ̀ yìí bí ẹni pé kì í ṣe àwa ni wọ́n ń bá wí. Ẹ̀yin èèyàn, a rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ló mú wa jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí a fẹ́ sọ rèé: àwàdà kúkúrú tí àwọn ọmọ wa ń ṣe lórí fóònù, iṣẹ́ gidi ni, ẹ̀bùn ni, dígí sì ni. Ẹni tó bá rí ìdọ̀tí lójú ara rẹ̀ nínú dígí, tó wá fọ́ dígí, ìdọ̀tí ò tíì kúrò lójú rẹ̀ o.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà, nítorí ọ̀pọ̀ wa rò pé kí èèyàn kàn la ẹnu ni wọ́n ń pè ní àwàdà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwa tí a ń dúró níwájú èrò sọ̀rọ̀ mọ bó ṣe le tó. Ìwàásù wa máa ń gba ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Ọmọ aláwàdà, ìṣẹ́jú méjì ló ní. Kí ààbọ̀ ìṣẹ́jú tó pé, ẹni tó ń wò ó gbọ́dọ̀ ti mọ ẹni tí òun ń wò, ibi tó wà, àti ohun tó ń wá. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àtàǹpàkò ló máa dájọ́: fíàù, ó ti fà á kọjá. Ìjọ máa ń jókòó dè wá nítorí ọ̀wọ̀. Kò sí ẹni tó ń jókòó de aláwàdà nítorí ọ̀wọ̀.

Ẹ wo bí ọmọ yẹn ṣe to tiwa. Lẹ́ẹ̀kan, a ní bẹ́ẹ̀ ni, pásítọ̀ máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, etí wa ti ń retí rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, níbi tí gbogbo wa ti ń wojú pásítọ̀, ìyá arúgbó ló sọ̀rọ̀. Ibi tọ́rọ̀ ti yí padà yẹn ni ẹ̀rín wà. Bí ìyá yẹn bá ṣí abọ́ lẹ́ẹ̀kan àkọ́kọ́, kò ní dùn. Bó bá di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó ti tutù. Ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kí ìyá ṣí abọ́, ẹni náà mọ iṣẹ́.

Ohun kejì ni pé aláwàdà tó mọ iṣẹ́ kì í fi hàn pé òun mọ̀ pé òun ń pani lẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní àádọ́ta ọdún bíi tiwa, ẹ ó rántí Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Baba Sàlá, ẹni tó papò dà ní oṣù kẹwàá ọdún 2018. Ẹ rántí gíláàsì ràbàtà yẹn, ẹ rántí aṣọ tí kò bá ara mu. Ṣùgbọ́n lójú ara tirẹ̀, gbajúmọ̀ ni Baba Sàlá. Ahun tó gbà pé ọ̀làwọ́ ni òun. Ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ tó gbà pé òun lòun ń rẹ́ wọn jẹ. Àlàfo tó wà láàárín ohun tí èèyàn rò pé òun jẹ́ àti ohun tí gbogbo ayé ń rí, ibẹ̀ gan-an ni àwàdà ń gbé. Ẹ̀yin pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ ká fọwọ́ sọ́kàn: ṣé àlàfo yẹn kò sí lọ́dọ̀ tiwa?

Ohun kẹta ni àkíyèsí. Ẹ wo ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Taaooma, Maryam Apaokagi. Òun nìkan á ṣe ìyá, á ṣe bàbá, á tún ṣe ọmọ nínú fídíò kan náà. Bó bá so gèlè, ìyá ló dé. Bó bá dé fìlà, bàbá ló dé. Kì í ṣe aṣọ ló ṣe é o. Ọ̀nà tí ìyá Yorùbá fi ń yíjú kó tó gbọ́mọ létí ni, bí ọmọ ṣe ń dáhùn "ẹ̀n" nígbà tó yẹ kó dáhùn "ẹ̀n mà" ni. Àwa náà ti jẹ ìgbátí yẹn. Ohun tí a ti jẹ, a kì í gbàgbé adùn rẹ̀.

Ẹ wo Debo Adebayo náà, Mr Macaroni, ọ̀dọ́mọkùnrin tó sọ ara rẹ̀ di alágbádá olówó tó ń lé àwọn ọmọdébìnrin kiri. Gbogbo àdúgbò ló mọ irú bàbá bẹ́ẹ̀, a ò kàn lè pè é lórúkọ ni, torí òun ló máa ń ṣe alága ìkówójọ. Aláwàdà ló bá wa sọ ọ́ síta.

Àwọn kan a máa bi wá pé, Daddy, kí ló dé tí àwọn èèyàn fi fẹ́ràn nǹkan yìí tó bẹ́ẹ̀? Wọn ò lè ka orí Bíbélì kan tán, ṣùgbọ́n wọ́n á wo ogún fídíò lórí ibùsùn. Ìbéèrè tó dáa ni. Ìdáhùn wa kò ní dùn mọ́ gbogbo èèyàn.

Ìyá kan wà nínú ìjọ wa tí ọkọ rẹ̀ kú láìròtẹ́lẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi lọ sílé wọn. A gbàdúrà, a kọrin, a ka Sáàmù. Ìyá yìí kò gbé orí sókè, kò fẹnu kan oúnjẹ. Ní ọjọ́ kẹrin, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó jókòó sẹ́sẹ̀ rẹ̀ ń wo àwàdà lórí fóònù. Kò mọ̀ pé ìyá àgbà ń yọjú wò ó láti òkè. Ó kàn gbọ́ ẹ̀rín lórí ara rẹ̀ ni. Ẹ̀rín kékeré, tó yọ bí ẹni sín. Àwọn àgbà kan tó wà níbẹ̀ fajú ro. Ìyá náà ní, "Ẹ dákun, ẹ jẹ́ n rí ìparí rẹ̀." Lẹ́yìn náà ló béèrè ẹ̀kọ.

A kò sọ pé fídíò ju àdúrà lọ o. Kí ẹnikẹ́ni má lọ fi èyí ta wá. Ohun tí à ń sọ ni pé Òwe 17:22 ti fi inú dídùn wé oògùn kí íńtánẹ́ẹ̀tì tó dé. Àwọn baba wa náà ní ọ̀rọ̀ tó bá ti ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi rín. Ẹni tó dúró sínú gosíló láti Ìwó Road, tí owó epo ti gun orí, tí owó ilé ìwé ọmọ ń bẹ nílẹ̀, bó bá rí ìṣẹ́jú méjì tí ẹnìkan fi sọ fún un pé "mo rí ohun tí ojú rẹ ń rí", ara máa tù ú. Kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé ìṣòro wọn. Wọ́n rí i pé àwọn nìkan kọ́ ló ní in.

Àwọn mìíràn á ní nǹkan àjèjì ni, àwọn òyìnbó ló kó o dé. Irọ́ ni. Ní ọdún 1826, òyìnbó arìnrìn-àjò kan tó ń jẹ́ Hugh Clapperton dé Ọ̀yọ́-Ilé. Wọ́n pe àwọn eléré eégún wá ṣeré fún un lójú ọba. Pásítọ̀ ni wá, a kì í bá wọn ṣe eégún, ṣùgbọ́n ìtàn ni ìtàn. Nígbà tó kan apá kẹta eré náà, ẹni tó jáde wá funfun bí àtíkè: òyìnbó ni wọ́n fi ṣe! Ó ń fín áásà, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́, ó ń rìn bí ẹni tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ rí. Gbogbo èrò ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń kọjú sí Clapperton pé kó wò ó dáadáa. Àlejò ọba ni, olówó ìbọn ni, wọ́n sì fi ṣe àwàdà lójú ara rẹ̀.

Kí ló ṣe? Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ẹni náà mọ òyìnbó ṣe, ó ṣe é dé ojú àmì. Ẹ̀yin ará, ẹ̀kọ́ ńlá nìyẹn fún wa. Àlejò gba ohun tí àwa pásítọ̀ ò lè gbà nínú ilé ara wa.

Tí a bá sì fẹ́ mọ ibi tí eré orí ìtàgé wa òde òní ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má lọ jìnnà, inú ìjọ náà ni. Ní ọdún 1944, ìjọ Aládùúrà kan ní Ẹ̀búté Mẹ́ta ló ní kí Hubert Ògúndé ṣe eré fún àwọn, eré Ọgbà Édẹ́nì. Ibẹ̀ ló ti gbòòrò. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tó fi eré Yorùbá Ronú bá àwọn olóṣèlú Ìwọ̀-Oòrùn wí, ìjọba fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìjọba yẹn ti lọ. Ẹ bi àwọn ọmọ yín léèrè ta ni olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lọ́dún 1964, ẹ tún bi wọ́n ta ni Ògúndé, kí ẹ wá gbọ́ èyí tí wọ́n mọ̀.

Ẹlòmíràn ni Dúró Ládiípọ̀ ní Òṣogbo. Ní nǹkan bí ọdún 1961, ó kọ orin Àjíǹde fún ìjọ, ó fi ìlù Yorùbá sí i. Àwọn kan nínú ìjọ ní kò bójú mu, pé ìlù abọ̀rìṣà kò gbọdọ̀ wọ ilé Ọlọ́run. Ó gbé ẹ̀bùn rẹ̀ jáde. Kò pẹ́ tó fi kọ Ọba Kò So, tó sì gbé e dé Berlin lọ́dún 1964. Lónìí, ìjọ wo ni kò lu gángan lọ́jọ́ ìdúpẹ́? Ìlù padà wá sílé. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé e wá ni a lé jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dun wá jù.

Ọmọ tó ṣe fídíò yẹn, àwa la lé e jáde. Kì í ṣe pé a ní kó máa lọ o. Ọdún kẹjọ rèé. Wọ́n fẹ́ ṣe eré kékeré lọ́jọ́ ìkórè. A ní kí wọ́n wá ṣe é fún wa wò ní Sátidé. Eré náà dá lórí bàbá kan tó kó ẹgbẹ̀rún kan náírà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n gba ọrẹ àkọ́kọ́, ó dá a. Wọ́n gba ti ilé kíkọ́, ó dá a. Wọ́n gba ti jẹnẹrétọ̀, ó dá a. Nígbà tí ìsìn parí, owó ọkọ̀ ti tán. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn lọ sílé, ni jíìpù pásítọ̀ bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pásítọ̀ sọ gíláàsì kalẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ kú eré ìdárayá!"

Àwọn ọmọ tó kù ń rẹ́rìn-ín. Àwa ò rẹ́rìn-ín. A ní pẹpẹ Ọlọ́run kì í ṣe ibi yẹ̀yẹ́. A ní kí wọ́n lọ kọrin dípò rẹ̀. Ọmọ yẹn kò jiyàn. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Daddy." Lẹ́yìn oṣù méjì, a ò rí i mọ́. Ẹgbẹ́ dírámà sì kú bẹ́ẹ̀. Títí di òní, ìjọ wa ò ní in.

Ohun tí a ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí nìyí: ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, bàbá kan nínú ìjọ ti sọ fún wa pé òun fẹsẹ̀ rìn délé lọ́jọ́ Sọ́ńdè. A rò pé ọmọ yẹn ló gbọ́, tó fi bú wa. Ó pẹ́ kó tó yé wa pé, bó tiẹ̀ gbọ́ ni, òun nìkan ló wá ọ̀nà tí a fi lè gbọ́ ọ.

Àwọn ìwé tí à ń wàásù nínú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ wo Nátánì nínú 2 Sámúẹ́lì 12. Ọba pààyàn, ó gba ìyàwó rẹ̀, ta ló tó bá a wí? Nátánì kò kó ẹ̀sùn lọ. Ìtàn ló mú lọ: olówó tó ní agbo ẹran, àti tálákà tó ní ọ̀dọ́ àgùntàn kan ṣoṣo. Kúkúrú ni, ojú sì mọ̀ ọ́n. Ọba ti dá ẹjọ́ tán kó tó mọ̀ pé ẹjọ́ ara òun ni. Ẹ wo Ésékíẹ́lì orí kẹrin: Ọlọ́run ní kó ya Jerúsálẹ́mù sórí bíríkì, kó fi páànù irin ṣe ògiri, kó fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀ fún 390 ọjọ́. Kí lẹ fẹ́ pe ìyẹn bí kì í bá ṣe eré? Ẹ wo Èlíjà lórí òkè Kámẹ́lì, bó ṣe ń bi àwọn wòlíì Báálì léèrè bóyá òrìṣà wọn sùn ni. Ẹ wo Olúwa wa fúnra rẹ̀ nínú Mátíù 7: ẹni tí ìtì igi wà lójú rẹ̀ tó ń bá ẹlòmíràn wá ẹ̀rún igi. Ẹ fi ojú inú wo ọkùnrin yẹn, bí igi ṣe ń gbá àwọn èèyàn lórí bó ti ń yíjú kiri. A ti ka ẹsẹ yẹn pẹ̀lú ojú líle tó bẹ́ẹ̀ tí a ò fi rí i pé ó pani lẹ́rìn-ín.

A mọ̀ pé àwọn kan á rán wa létí Èlíṣà àti béárì méjì, nínú 2 Àwọn Ọba orí kejì. Wọ́n pe èèyàn Ọlọ́run lápárí, béárì sì fa 42 ya nínú wọn. Àwa pásítọ̀ fẹ́ràn ẹsẹ yẹn. Ṣùgbọ́n kí ni àwọn ọmọ yẹn fi hàn Èlíṣà tó lè tún ṣe? Apárí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀gàn lásán ni. Ẹni tó sọ fún wa pé ìwàásù wa ti gùn jù, tàbí pé a ti gbowó ọkọ̀ lọ́wọ́ bàbá arúgbó, ohun tó ṣeé tún ṣe ló fi hàn wá. Ẹ jẹ́ ká fi àwọn béárì sílẹ̀ sínú igbó wọn.

Ẹlòmíràn á ní, "Daddy, àwọn aláìgbàgbọ́ á máa fojú kéré ìjọ." Ẹ̀gbọ́n wa, àǹtí wa, wọ́n ti rí i tipẹ́. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Ohun tó lè mú wọn bọ̀wọ̀ fún wa ni kí wọ́n rí i pé a lè gbọ́ ọ, ká rẹ́rìn-ín, ká sì tún un ṣe. Ẹ ti rí Ayọ̀ Ajéwọlé, Wòlíì Àgbà, òun àti Délé rẹ̀. Orin wa, ìsọtẹ́lẹ̀ wa, ìkéde wa ló fi ń pa wá lẹ́rìn-ín, àwọn ìjọ fúnra wọn ló sì ń pè é wá sí ètò. Ọlọ́run kọ́ ló fi ń ṣe àwàdà. Àṣà wa ni. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ méjèèjì, ó ti sọ àṣà rẹ̀ di Ọlọ́run.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ṣe àwàdà, ẹ má rò pé a ti tò sẹ́yìn yín tán. A ní ọ̀rọ̀ tiyín náà. Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín ló dáa. A rí àwọn tó ń fi akólòlò ṣe yẹ̀yẹ́. A rí àwọn tó ń dá àwọn èèyàn níjì lójú pópó, tí wọ́n ń ṣe bí ajínigbé nínú ìlú tí wọ́n ti ń jí èèyàn gbé lóòótọ́, tí wọ́n á wá máa sọ pé eré ni. Bí ẹ̀rù bá pa ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? A rí àwọn tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan ju ara obìnrin lọ. A rí àwọn tó jẹ́ pé ní gbogbo fídíò wọn, ọmọ ọ̀dọ̀ àti mẹ́gáádì nìkan ni òmùgọ̀.

Ìwọ̀n kan ni a fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́: ẹ bi ara yín pé, ta ni ọ̀rọ̀ mi ń bà? Nátánì fi olówó bú olówó. Kò fi ẹni tí wọ́n gba àgùntàn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Àwàdà tó bá ń ba ẹni tó wà lókè, tó lè ṣàtúnṣe, ìbáwí ni. Èyí tó bá ń ba ẹni tó ti ṣubú, ìyà lórí ìyà ni.

Ẹ̀yin ọmọ ìjọ tí ẹ ń wò ó náà, ẹ gbọ́. Baba Sàlá ṣe fíìmù Ọ̀run Mooru lọ́dún 1982, ó fi gbèsè ṣe é. Àwọn olè dà á kọ, wọ́n ń tà á káàkiri, bàbá wọ gbèsè tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde níbẹ̀. Lónìí, ẹ̀yin á mú fídíò ọmọ ọlọ́mọ, ẹ á gé orúkọ rẹ̀ kúrò, ẹ á gbé e sórí pátákó yín bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ ń san ìdá mẹ́wàá! Olè ni o. Ẹni tó pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kó rí oúnjẹ jẹ níbẹ̀.

Ẹ̀yin pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa, Yorùbá ní ẹni tí à ń wò kì í wòran. Àwa là ń wò. Ọmọ tó jókòó ní ìlà kẹta ń wò bí a ṣe ń rìn, bí a ṣe ń pe owó, bí a ṣe ń dá ìyá tó pẹ́ dé lóhùn. Ẹ má ṣe jẹ́ ká pa ojú tó ń wò wá. Ẹ wá àyè fún wọn nínú ìjọ. Mike Bámilóyè dá Mount Zion sílẹ̀ lọ́dún 1985, gbogbo wa la wo fíìmù wọn, ẹ̀rù Ọlọ́run sì bà wá. Tí ẹ̀rù bá lè wàásù, ṣé ẹ̀rín ò lè wàásù ni?

Ní Thursday, a pe ọmọ yẹn. Nọ́ńbà rẹ̀ ò tíì yí padà. Nígbà tó gbọ́ ohùn wa, kò sọ̀rọ̀. A mọ̀ pé ó ń retí èpè. A ní a ti rí fídíò rẹ̀. Ó ní, "Daddy, ẹ má bínú, mo lè yọ ọ́." A ní kó má yọ ọ́. A bi í pé báwo ló ṣe mọ ikọ́ wa tó bẹ́ẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Daddy, ọdún mẹ́fà ni mo fi jókòó níwájú yín."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ wá lára. Ẹni téèyàn ò bá fẹ́ràn, kì í wò ó fún ọdún mẹ́fà débi tí yóò fi mọ bó ṣe ń wúkọ́.

A tọrọ àforíjì ti ọjọ́ ìkórè yẹn. A sọ fún un pé a fẹ́ kó wá ṣe eré bàbá ẹlẹ́gbẹ̀rún kan náírà lọ́jọ́ ìkórè ọdún yìí, lórí pẹpẹ, kí àwa jókòó sí ìlà iwájú. Ó béèrè ìbéèrè kan: "Ṣé ẹ ò ní dá a dúró ní Sátidé?" A ní a ò tiẹ̀ ní wá ní Sátidé. Ó ní òun máa rò ó. Títí di àsìkò tí à ń kọ èyí, kò tíì pè. Ẹ bá wa gbàdúrà kó pè. Bí kò bá sì pè, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Àwa la ti ilẹ̀kùn, a ò lè pàṣẹ ìgbà tó máa padà wọlé.

Ní tiwa, a ti ṣe ìpinnu méjì. Láti Sọ́ńdè tó ń bọ̀, ọrẹ kan ṣoṣo la ó máa gbà nínú ìsìn, ẹni tó bá sì ń wá owó ọkọ̀, kó wá bá àwọn díákónì lẹ́yìn ìsìn láìtijú. Èkejì, ìwàásù kò ní kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Ìyàwó wa ló máa mú aago dání.

Ẹni tí Ọlọ́run fún ní ẹ̀bùn láti pa aráyé lẹ́rìn-ín, ẹ̀bùn yẹn ò ní di ẹrù lórí rẹ̀. Ilé tí ẹ̀rín ti sá níbẹ̀, ẹ̀rín á padà wọ ibẹ̀, bó ṣe wọ ilé Sárà lójọ́ ogbó rẹ̀. Ọmọ tí a ṣèèṣì lé jáde, Olúwa á mú un padà wá bá wa ní orúkọ Jésù. Ẹ kọ Àmín yín sísàlẹ̀. Tí ẹ bá sì mọ ọ̀dọ́ kan tó ń ṣe àwàdà, tí àwọn àgbà ń fojú burúkú wò, ẹ bá wa fi èyí ránṣẹ́ sí i.

Ẹ sọ fún ẹni tó jókòó tì yín pé, ọ̀rọ̀ wa ti fẹ́ parí.

Rárá o. Ó ti parí.